Eruku Wúrà ní Gìgísẹ̀ Màmá Ilé

Ẹni tó bá ń gbàdúrà láàárọ̀, kó má gbàgbé láti fi èyí kún un: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ tí màá nílò àánú bọ́ sí ọjọ́ tí ẹni tí mo fìyà jẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá Ilé gbàdúrà púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó gbà á nítorí ọ̀tá, ó gbà á nítorí òṣì, ó gbà á nítorí ikú òjijì. Kò rántí gbà á nítorí ọmọ ọkọ rẹ̀ tó máa ń mú dúró sínú oòrùn. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ ọkọ náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti Màmá Ilé wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Alátùpà ni gbogbo ọsibítù ń pè é. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni, àfín ni, arẹwà sì ni bí o bá wò ó láti ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọwọ́ òsì, wàá rí i pé etí rẹ̀ kò pé: jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀bẹ dókítà sì gé ibi tó bàjẹ́ sọnù. Lójú ọ̀sán, á máa fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ ohun kíkan, á máa fọwọ́ tẹ̀lé ògiri. Ṣùgbọ́n nínú yàrá òkùnkùn tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn tójú wọn mọ́ kedere ti ń forúnkún gbá àga, òun ni ọ̀gá. Ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà níbẹ̀ bí ahọ́n ṣe mọ eyín.

Eruku wúrà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe oògùn tí wọ́n ń lò nínú yàrá náà. Wúrà gidi ni, wọ́n ti sọ ọ́ di kíkúnná débi pé bí o bá la fọ́nrán irun kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ègé kan nínú rẹ̀ á ṣì ju hóró eruku náà lọ. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ẹ̀jẹ̀. Eruku á máa rìn kiri ara, á máa wá jẹjẹrẹ bí ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Tó bá rí i, á wọnú rẹ̀ lọ jókòó. Bí wọ́n bá wá tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú sí i, á máa tàn yòò lábẹ́ awọ, wọ́n á sì rí ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí wọ́n bá tan iná ńlá sí i, eruku á gbóná, á sun jẹjẹrẹ láti inú wá, ẹran rere tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n àlejò tí kì í pẹ́ ni eruku wúrà. Bí wọ́n bá gún un láago mẹ́jọ, aago méjìlá ló máa pé sínú jẹjẹrẹ. Nígbà tó bá máa fi di aago kan, ó ti ń di ẹrù rẹ̀, ó ti ń tú ká sínú ẹran rere. Ẹni tó bá tan iná ńlá lẹ́yìn ìgbà náà, ẹran rere ló máa sun. Jẹjẹrẹ á wà níbi tó wà, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ara kì í sì í gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ẹ̀jẹ̀ á ti dá a mọ̀, á lé e dànù kó tó dé ibì kankan.

Nítorí èyí ni agogo ṣe wà. Aago ògiri kì í wọ yàrá òkùnkùn, torí ojú rẹ̀ a máa tàn. Fóònù kì í wọ ibẹ̀ rárá. Agogo kékeré kan ni wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn, waya rẹ̀ gba inú ògiri lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ń lù lẹ́ẹ̀kan láago méjìlá: ẹ bẹ̀rẹ̀. Ó ń lù lẹ́ẹ̀mejì láago kan: ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má tan ohunkóhun mọ́. Láàárín agogo méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ bá kàn án, kíkàn ni yóò máa kàn án lọ.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni dókítà sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin kúkurú kan ni, tí ọ̀rọ̀ máa ń yára lẹ́nu rẹ̀. "Jẹjẹrẹ yìí kò tíì kúrò ní gìgísẹ̀. Bí iná bá pa á lónìí, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn lọ sílé. Bí kò bá pa á, lọ́jọ́ Ẹtì, a máa gé e láti ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta."

Màmá Ilé gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Àbàwọ́n dúdú kan wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò, etí rẹ̀ rí jágajàga.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé áyọ́ọ̀nù ló jó mi níbẹ̀," ó ní. "Alágbàfọ̀ ni mí, dókítà, àpá kì í wọ́n lára wa. Ṣùgbọ́n kí ló kan èmi kan jẹjẹrẹ awọ? Èmi tí mo dúdú báyìí? Ṣebí àìsàn àwọn àfín ni?"

Nọ́ọ̀sì tó ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lápá wo Alátùpà fìrí, ó sì yáa gbé ojú sílẹ̀.

"Kò mọ àfín, kò mọ dúdú," dókítà dá a lóhùn. "Lára ẹni dúdú, abẹ́ ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí. Alátùpà ló máa tan iná fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ju tèmi lọ. Èmi ń lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di aago mẹ́ta kí n tó jáde."

Ìgbà yẹn ni Màmá Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orí padà wo ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wo etí òsì.

"Aṣọ Funfun," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ káàárọ̀."

"Háà! Ẹ mọra?" Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ó ti bùṣe! Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ ọmọ yín lẹ bọ́ sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alátùpà fèsì. "Ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí."

Ó ti kẹ̀kẹ́ náà wọ yàrá òkùnkùn, ó tẹ́ ìyá náà sórí ibùsùn, ó fi aṣọ dúdú bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Òun alára lọ jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jẹ, kò mu. Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ ló ń rí.

Kọnkéré ni ẹ̀yìnkùlé náà láti ògiri dé ògiri. Okùn mẹ́rin ni Màmá Ilé ta síbẹ̀, aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura ló sì máa ń sá sí wọn, funfun báláú, tí oòrùn á ta sí, tí á sì ta padà. Ìyá tó bí Alátùpà ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé e sáàárín àwọn aṣọ yẹn lọ́sàn-án gangan, láìní ìborùn, láìní bàtà, pé kó máa ṣọ́ wọn kí ẹyẹ má ṣu sí wọn. Ẹyẹ wo? Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣọ́ aṣọ, kò rí ẹyẹ tó ṣu. Ohun tó rántí jù ni ohùn Màmá Ilé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: "O ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí aṣọ á fi gbẹ." Òun náà á sì máa kà: aṣọ kan, aṣọ méjì, aṣọ mẹ́ta, títí ojú á fi máa ṣú u, títí èjìká á fi lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Tó bá ké pé "Màmá, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó," ohùn náà á ní, "Aṣọ Funfun, ṣé o ti gbẹ ni?" Àwọn obìnrin tó bá wá gbé aṣọ wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà kò rí ààbò kankan àfi ti bàbá rẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni bàbá náà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wọlé. Ìmọ́lẹ̀ Mi ló ń pe ọmọbìnrin rẹ̀. Òun ló ra fìlà olórí gbòòrò fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fìlà tí etí rẹ̀ bò ó dé èjìká. Ọdún mẹ́rìnlélógún rè é, fìlà yẹn ṣì wà lórí ìṣó nílé Alátùpà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá. Oṣooṣù ló ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, inú ilé ló sì ń sá a sí. Àràbà bàbá, igi tó ṣíji bo aláìníyàá, ọkùnrin tí kò gbé ohùn sókè sọ́mọ rí. Báyìí ló ṣe máa ń kì í nígbà tó bá ń fi aṣọ nu àwòrán náà. Bó ṣe fẹ́ràn bàbá tó, bẹ́ẹ̀ ló kórìíra ìyàwó bàbá tó. Ìfẹ́ àti ìkórìíra náà bára wọn dọ́gba. Lórí wọn ló ń sùn, lórí wọn ló ń jí.

Agogo lù lẹ́ẹ̀kan. Alátùpà dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó gun àpótí kékeré tó máa ń wà níbẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó sì já waya kúrò lára agogo.

"Kí lo ń ṣe lókè yẹn?" Màmá Ilé bi í láti orí ibùsùn.

"Mò ń mú ariwo kúrò, Màmá."

Ó tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gbé awò sójú, ó tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ náà. Háà, eruku ti pé! Jẹjẹrẹ náà ń tàn nínú ẹran bí ẹyin iná tí wọ́n fi eérú bò, kò tóbi, ó ṣù pọ̀, etí rẹ̀ hàn kedere. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì rí èyí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú péré ni iná ńlá máa fi jẹ ẹ́ tán. Ó fa apá iná ńlá náà wálẹ̀, ó gbé e sí déédéé gìgísẹ̀, ó fi ìka lé bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì pa iná pupa.

"Ó ti tán?" Màmá Ilé bèèrè.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná."

"Ṣé ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí dókítà kọ ni?"

"Dókítà kọ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì." Alátùpà rọra sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní orin. "Màmá, ohun kan ni mo fẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún mi, látẹnu ara yín, kí etí mi gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, iná á tàn. Wákàtí kan la ní. Ọwọ́ yín ni ẹsẹ̀ yín wà."

Màmá Ilé rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dùn.

"O gbọ́n o. Ọmọ mi àtàtà, ọmọ ọlọ́lá, ọmọ tó dàgbà tó dẹni tí dókítà ń fi yangàn, àkàndá ọmọ tí..."

"Ẹ gbé oríkì yẹn sápò. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lábẹ́ yín, ẹ ò kì mí rí àfi Aṣọ Funfun."

"Ó dáa. Mo tọrọ àforíjì fún ohun gbogbo."

"Ohun gbogbo kò lórúkọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Mo gbé ẹ sóòrùn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ta ló ka ìyẹn? Ojoojúmọ́ tí oòrùn bá ràn. Mo gbé ẹ sóòrùn, mo gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ, mo ní kí o máa ṣọ́ ẹyẹ tí kò sí. Mo fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn oníbàárà. Wọ́n gé etí ẹ, n kò wá kí ẹ. Ó tó? Tan iná."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye aṣọ tó gbà láti fọ̀. Ọkàn Alátùpà kò gbà á. Ó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ro bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dùn tó létí, ó wá gbọ́ ọ tán, ó dà bí omi tútù lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa.

"Kí ló dé?" ó bèèrè.

"Kí ni kí ló dé?"

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é? Ẹ sọ pé ẹ kórìíra mi. Ẹ sọ pé ìlara ìyá mi ni. Ẹ sọ ọ́ kí ó yé mi."

"N kò kórìíra ẹ," Màmá Ilé wí. "N kò fẹ́ràn ẹ, Ọlọ́run ń gbọ́, ṣùgbọ́n n kò kórìíra ẹ. Tan iná, ọmọ yìí."

"Kí wá ló dé?"

"Mi ò ní sọ ìyẹn."

"Ẹ máa sọ ọ́."

"Bi mí ní nǹkan mìíràn. Gbá mi létí, bó bá ṣe pé ìyẹn lo fẹ́. Ìyẹn nìkan ni mi ò ní sọ."

Èèyàn tó bá mọ Màmá Ilé á mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í di. Ọ̀rọ̀ tó di lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn kò kéré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n Alátùpà kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ló kà á sí, ó sì fẹ̀yìn ti àga. Ó ní òun kò kánjú. Ó ní ẹsẹ̀ òun kọ́ ni wọ́n fẹ́ gé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ayùn àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe ń dún lára egungun, bí aláìsàn ṣe máa ń wá ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ lábẹ́ aṣọ, bí alágbàfọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe máa dúró ti ọpọ́n. Ó ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń dánu dúró kó lè wọlé dáadáa. Màmá Ilé ń mí gúlegúle. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbàdúrà sókè. Ó ṣépè. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn kì í ka wákàtí, agogo tí ì bá bá wọn kà á sì ti dákẹ́ lókè ilẹ̀kùn.

"Mo búra," Màmá Ilé wá bú sẹ́kún. "Ìwọ ọmọ yìí, mo búra fún ẹni tó ń kú lọ ni! Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n pa ohun rere kan ṣoṣo tí mo ṣe fún ẹ mọ́?"

"Ẹ sọ ọ́."

"Bàbá ẹ ni."

Alátùpà fa àga sún mọ́ ibùsùn.

"Bàbá ẹ ló ní kí n máa gbé ẹ sóòrùn. Ó ní kò sí àfín nínú ìdílé òun rí. Ó ní ìyá ẹ nìkan ló mọ ibi tó ti rí ẹ. Ó ní, 'Gbé e sóòrùn. Bó bá jẹ́ tèmi, á dúdú.' Mo ní oòrùn á pa ọmọ yìí. Ó ní bí mi ò bá lè ṣe é, obìnrin mìíràn wà níta tó máa ṣe é. Mo fẹ́ ilé, mo gbé ẹ jáde. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára, kò dùn mí mọ́. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

"Irọ́ ni. Kì í sí nílé."

"Tó bá wà nílé ńkọ́? Ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Á máa wò ẹ́. Á ní, 'Ó ti ń dúdú díẹ̀, àbí?' Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń dúdú."

"Ó ra fìlà fún mi!"

"Lẹ́yìn tí etí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀rù ló bà á, ó sá lọ ra fìlà. Lọ́jọ́ tó máa kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Má sọ fún un láéláé. Jẹ́ kó máa rò pé ìwọ ni.' Mo gbà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gbé ìkórìíra tí kì í ṣe tèmi nìkan. Ó yá, mo ti sọ ọ́. Tan iná, jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ mi."

Ẹyin lohùn. Èyí bọ́, ó fọ́, kò sí ẹni tó lè kó o.

Alátùpà dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wá iná pupa, kò rí i. Nínú yàrá tó mọ̀ bí ahọ́n ṣe mọ eyín, ó forúnkún gbá àga. Nígbà tó tan án tán, ó gbé awò sójú.

Ẹyin iná ti kú ní gìgísẹ̀. Eruku ti jáde níbẹ̀. Ó ti tú ká bí ìràwọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, sáàárín ọmọ ìka, gba ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè dé agbedeméjì ojúgun. Gbogbo ẹran rere ló ń tàn. Ibi tí jẹjẹrẹ wà nìkan ló ṣókùnkùn.

Aago kan ti kọjá. Ó ti kọjá tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run: ọ̀nà ṣì wà fún un. Ó lè pa iná, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sọ fún dókítà pé òun já waya. Iṣẹ́ á bọ́, ìyá arúgbó á pàdánù ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, yóò mọ síbẹ̀. Gbogbo èyí ló rò. Ó tún ro ìwé tó máa kọ wákàtí sí, pé ọwọ́ òun ló ń kọ ọ́, pé bí iná bá tàn, wọ́n á ní oògùn ni kò gbà. Lẹ́yìn náà, kò rò mọ́. Ó rí kọ́tìnì kan. Ó rí ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé àkókò ṣì wà?" Màmá Ilé bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti dà bí tọmọdé. "Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó ṣì wà," Alátùpà dáhùn, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Iná ńlá bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà, funfun báláú. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, Màmá Ilé ní ó ń gbóná. Ní ìkejì, ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Alátùpà fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú mọ́ ibùsùn.

"Ẹ má mira, Màmá. Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí yóò fi gbẹ."

Màmá Ilé ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, ẹnu rẹ̀ ló sì ti jáde. Ó ti etí aṣọ dúdú bọ ẹnu, ó gé e jẹ. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ení, èjì, ẹ̀ta, lẹ́yìn náà ó ń ké pé ó tó, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ogún ìṣẹ́jú ló pé. Alátùpà kò dín ọ̀kan kù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gun àpótí, ó so waya padà mọ́ agogo. Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná tàn láago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọrùn ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti gé e mọ́. Ẹran ti jóná dé ojúgun, abẹ́ orúnkún ni ayùn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, dókítà dúró ti ibùsùn rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ kò dùn, ó ń ṣí ìwé, ó ń pa á dé. Alátùpà dúró lápá ìsàlẹ̀ ibùsùn, níbi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ọ̀tún tí ẹsẹ̀ kò sí mọ́.

"Mi ò rí irú èyí rí," dókítà wí. "Màmá, ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó pẹ́ lẹ́yìn tí agogo lù kí wọ́n tó tan iná fún yín?"

Màmá Ilé wo òrùlé.

"Rárá o, dókítà," ìyá náà dáhùn. "Bí agogo ṣe lù ló tan án. Kò fi nǹkan kan falẹ̀. Ara mi ni kò gba oògùn."

Dókítà mí kanlẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọjá sídìí ibùsùn mìíràn.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, oòrùn ọ̀sán bọ́ sójú Alátùpà, ó sì fún ojú pọ̀. Ó sún mọ́ orí ibùsùn.

"Kí ló dé tí ẹ fi bò mí láṣìírí?"

"Ó ti mọ́ mi lára," Màmá Ilé wí. "Àṣírí ilé yẹn ni mo ti ń bò látọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́. Sún mọ́ mi dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ kí n rí ojú ẹ."

Alátùpà bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó láti iwájú orí dé ẹnu, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Ó fara balẹ̀ wò ó bí alágbàfọ̀ ṣe ń wo aṣọ tó fẹ́ dá padà fún oníbàárà, bóyá àbàwọ́n ti jáde tàbí kò tíì jáde.

"Títí bàbá ẹ fi kú ló ń wá ojú ara rẹ̀ lójú ẹ, kò rí i," ó wí. "Àwọn aládùúgbò náà wá a tì. Èmi gan-an wá a tì. Má banú jẹ́ mọ́, ọmọ. Mo ti rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó jọ̀wọ́ àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

"O jọ ọ́."